Ping ń dáhùn, fódà ò ṣí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kọ̀ǹpútà 14 ló wà ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, Windows 10 àti 11 ni gbogbo wọn. Server kan ṣoṣo la ní, Windows Server 2019. Òun ló ń ṣe domain, ìyẹn agboolé kan tó kó gbogbo kọ̀ǹpútà àti páswọ́ọ̀dù wa sábẹ́ àṣẹ kan, òun ló ń pín àdírẹ́sì, orí rẹ̀ náà ni fódà àkáǹtì wà. Láti ọjọ́ Ajé tí iná ti lọ tó sì tún dé, kọ̀ǹpútà márùn-ún ò rí fódà yẹn mọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ síta ni 0x80070035, "The network path was not found". Mẹ́sàn-án yòókù ń ṣiṣẹ́ geere. Mo ping 192.168.1.10 tó jẹ́ nọ́ńbà server láti orí mẹ́rin nínú àwọn tó ń dààmú mi, ó dáhùn. Lórí ìkarùn-ún, orúkọ ni mo fi ping, srv1.ofiisi.lan, òun náà dáhùn. Íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ lórí gbogbo wọn. Ẹnì kan ní kí n pa firewall, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíì ní kí n fọ́múátì márààrún. Akáǹtáǹtì ń wò mí lójú, ọjọ́ Ẹtì lowó oṣù. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Àbúrò, má fọ́múátì nǹkan kan. Má sì tíì fọwọ́ kan firewall. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ń wọ fódà kan náà láti ara switch (àpótí tó so wáyà gbogbo wọn pọ̀) kan náà, nítorí náà server wà láàyè, fódà wà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí. Ohun tó yàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́sàn-án àti àwọn márùn-ún ni ká wá. Bí o bá fọ́múátì márààrún lónìí, ara wáyà kan náà lo máa dá wọn padà sí lọ́la, àìsàn náà á sì tún pàdé wọn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ping yìí ló kọ́kọ́ ń tan èèyàn jẹ. Ping dà bí kéèyàn dúró lẹ́nu géètì kó ní "àgò onílé o", kí ẹnì kan sì dáhùn látinú ilé pé "àgò yà". A ti mọ̀ pé èèyàn wà nílé. A ò tíì mọ̀ bóyá yàrá tí à ń lọ ṣí, a ò mọ̀ bóyá wọ́n máa jẹ́ ká wọlé, a ò tiẹ̀ tíì mọ̀ bóyá ilé tí à ń wá gan-an la dé. Fódà Windows ń gba ẹnu ọ̀nà 445 lórí TCP. Ping kì í dé ẹnu ọ̀nà kankan, ICMP, ìpè lásán tí kò ní ẹnu ọ̀nà, ni. Mo mọ server tí wọn ò jẹ́ kó dáhùn ping rárá tí fódà rẹ̀ sì ń ṣí, mo sì mọ èyí tó ń dáhùn ping láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí 445 rẹ̀ wà ní títì pa.

Ṣí PowerShell lórí ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún kí o tẹ èyí:

Test-NetConnection 192.168.1.10 -Port 445

Bí ìlà TcpTestSucceeded bá sọ pé True, wáyà, switch àti firewall server ti bọ́ nínú ẹ̀sùn nìyẹn. Tún un tẹ̀, kí o fi orúkọ dípò nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, ṣe ipconfig /all lórí kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́ àti lórí kan tí kò ṣiṣẹ́, kí o gbé méjèèjì wá fún mi. Má gé ìlà kankan kúrò. Bí o bá sì tún ping orúkọ, wo nọ́ńbà tó dá ọ lóhùn dáadáa. Èèyàn sábà máa ń wò ó pé ó dáhùn, kì í wo ẹni tó dáhùn.

* * *

Kó tó padà dé, ẹ jẹ́ ká yẹ ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn ti fún un, àti èyí tí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mú wá, wò, nítorí gbogbo wa la ti gba irú rẹ̀ rí. Mẹ́rin ni: pa firewall; yọ kọ̀ǹpútà kúrò nínú domain kí o tún dá a padà; kọ orúkọ server sínú fáìlì hosts (ìwé kékeré inú kọ̀ǹpútà tó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ kan jẹ́); máa fi nọ́ńbà ṣí i dípò orúkọ.

Ti firewall, mo mọ ibi tó ti wá. A ti pa á rí, nǹkan sì ṣí, ló bá di gbogbonìṣe. Ṣùgbọ́n bí Windows ṣe ń kó firewall rẹ̀ wá, ohun tó ń jáde ló ń jẹ́ kó jáde, ohun tó ń wọlé láìjẹ́ pé a pè é ló ń dá dúró. Kọ̀ǹpútà tó ń lọ wá fódà lórí server, jíjáde ló ń jáde. Pípa firewall tirẹ̀ ò fi ẹsẹ̀ kan kún ìrìn rẹ̀. Firewall server nìkan ló lè dí i lọ́nà, tó bá sì jẹ́ òun ni, kọ̀ǹpútà 14 ni ì bá dúró síta, kì í ṣe márùn-ún.

Ó nígbà tí firewall server ń jẹ̀bi lóòótọ́. Windows pín nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sí mẹ́ta: Domain, Private, Public. Server tó bá jí tí kò tètè dá domain tirẹ̀ mọ̀ lè máa fi òfin àjèjì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, Microsoft fúnra wọn jẹ́wọ́ pé domain controller (server tó ń ṣe domain) tó wà lórí Windows Server 2025 lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún un tàn. Ohun tí wọ́n ní káwọn èèyàn máa ṣe kí àtúnṣe tó dé ni kí wọ́n tẹ Restart-NetAdapter *, kí káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kú kó sì tún jí. Get-NetConnectionProfile ló ń sọ irú èyí tí server ka ara rẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí Public lórí server inú ilé, ìyẹn gan-an ni kí ẹ tún ṣe, kí ẹ fi firewall sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà 445 yìí kan náà ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà ní oṣù karùn-ún 2017 tó fi da iṣẹ́ ilé ìwòsàn rú ní Ìlú Ọba, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, MS17-010, ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má pa firewall. Ẹ má sì jẹ́ kí ráútà ṣí 445 sí íntánẹ́ẹ̀tì láéláé, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan.

Yíyọ kúrò nínú domain, oògùn gidi ni, àìsàn míì ló wà fún. Kọ̀ǹpútà inú domain ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ tí èèyàn kankan ò mọ̀. Òun àti server ló jọ mọ̀ ọ́n, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́, ọgbọ̀n ọjọ́. Bí a bá dá kọ̀ǹpútà padà sí bó ṣe wà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní bá ti ọwọ́ server mu mọ́, á wá máa kígbe pé "the trust relationship between this workstation and the primary domain failed". Kódà nígbà náà, Test-ComputerSecureChannel -Repair ń tún un ṣe láìjẹ́ pé a yọ ohunkóhun.

Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí ẹ̀rù yíyọ máa bà mí. Ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yọ kọ̀ǹpútà kan kúrò nínú domain ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó tún un tàn. Ojú ìwọlé dé, ó ń béèrè páswọ́ọ̀dù administrator ti kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kúrò níbi iṣẹ́ náà láti ọdún méjì. Títí ilẹ̀ fi ṣú la ń tẹ oríṣiríṣi tí kò wọlé.

Ti hosts àti ti nọ́ńbà, ẹ jẹ́ kí n mú wọn nígbà tá a bá dé ọ̀rọ̀ orúkọ.

* * *

Ẹnì kan ní kí ni iyì nọ́ńbà àṣìṣe, pé gbogbo rẹ̀ náà ni "kò ṣiṣẹ́". Mi ò gbà. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ibi tí ìrìn ti dúró.

0x80070035: mú 35 tó wà níparí. Òǹkà onímẹ́rìndínlógún ni. 3 lọ́nà 16 jẹ́ 48, fi 5 kún un, ó di 53. Tẹ net helpmsg 53, Windows á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ. 53 ń sọ pé a ò tiẹ̀ débẹ̀: bóyá orúkọ ò di nọ́ńbà, bóyá 445 ò dáhùn. Bó bá jẹ́ 5 lo rí, o ti dé, wọ́n lé ọ padà ni. Àṣẹ ni kí o lọ wò, ti orí share (fódà tí a pín) àti ti orí NTFS (dísìkì fúnra rẹ̀) méjèèjì, nítorí èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ló ń borí. 1326, páswọ́ọ̀dù tàbí orúkọ aṣàmúlò ni. 1219 ń dààmú àwọn tó fẹ́ fi orúkọ méjì wọ server kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Net use * /delete á tú àwọn ìsopọ̀ àtijọ́ ká, wàá wá fi orúkọ kan wọlé. 64 ń sọ pé ìsopọ̀ já lágbedeméjì. Wáyà ló sábà máa ń jẹ́, tàbí Wi-Fi, tàbí VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó so ẹ̀ka méjì pọ̀) tó ń dákú.

1722, "The RPC server is unavailable" (RPC ni kọ̀ǹpútà kan fi ń rán òmíràn níṣẹ́), èyí ló ń kó ìjà sáàárín àwọn tó ní ẹ̀ka méjì. Wọ́n á ṣí 135 láàárín Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n á ní àwọn ti ṣe tán. Ní 135, ńṣe ni server ń sọ fún ẹni tó dé pé kó lọ sí ẹnu ọ̀nà míì, èyí tó ń mú láàárín 49152 sí 65535. Bí ìyẹn bá wà ní títì, àlejò á dúró sí pálọ̀ títí agara á fi dá a. Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ni irú èyí ń gbà kọjá o. Inú VPN ni, kí ẹ sì ṣí i fún server yẹn nìkan.

* * *

Àbúrò wa ti dé:

"Ẹ̀gbọ́n, 445 pẹ̀lú nọ́ńbà, True ni. Pẹ̀lú orúkọ, ó ní Name resolution of srv1.ofiisi.lan failed. Mẹ́rin ni mo tíì ṣe, gbogbo wọn bákan náà. Ẹnì kan ń lo ìkarùn-ún lọ́wọ́. Ipconfig rèé.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́:
IPv4 Address: 192.168.1.57
Default Gateway: 192.168.1.254
DHCP Server: 192.168.1.10
DNS Servers: 192.168.1.10

Èyí tí kò ṣiṣẹ́:
IPv4 Address: 192.168.1.103
Default Gateway: 192.168.1.1
DHCP Server: 192.168.1.1
DNS Servers: 192.168.1.1

Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n ń fi páswọ́ọ̀dù domain wọlé láàárọ̀. Bí wọn ò bá rí server, ta ló ń ṣí i fún wọn?"

Ìlà DHCP Server, ìyẹn ẹni tó ń pín àdírẹ́sì, ni kí o tẹjú mọ́. Server rẹ ni 192.168.1.10. Ta ni 192.168.1.1? Ẹlòmíì ń pín àdírẹ́sì nínú ọ́fíìsì yín láìgbàṣẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá jí, ńṣe ló ń kígbe sínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pé ta ló lè fún òun ní àdírẹ́sì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló sábà máa ń tẹ̀ lé. Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ Ajé, server yín ń jí lọ́wọ́, ìyẹn sì lè gba ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ráútà kékeré kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n tètè tan kọ̀ǹpútà wọn bọ́ sọ́wọ́ ráútà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí iná lọ ló bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ayé fi ń pariwo pé iná ló ba nǹkan jẹ́.

Àdírẹ́sì tí ráútà náà pín bọ́ sínú 192.168.1 kan náà, nítorí náà ping ń dé, íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ń lọ. Orúkọ nìkan ni kò lè lọ, torí DNS ló ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, ráútà náà ló sì wá di DNS wọn. srv1.ofiisi.lan jẹ́ orúkọ tí ẹ ń pe ọmọ nínú agboolé, ará ìta ò mọ̀ ọ́n. Ráútà á bi íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbà, ó di 53.

Ní ti páswọ́ọ̀dù: Windows ń rántí ìwọlé domain fún àwọn tó ti lo kọ̀ǹpútà náà rí, ẹni 10 bí a kò bá yí i padà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn mọ̀ láàárọ̀, server ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, pé èèyàn fi páswọ́ọ̀dù domain wọlé kò túmọ̀ sí pé ó rí domain. nltest /dsgetdc:ofiisi.lan ló ń fi ìyẹn hàn.

Lọ wá ráútà yẹn. arp -a á fún ọ ní àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ara káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) ti 192.168.1.1. Bí switch yín bá jẹ́ irú èyí tí a lè wọ inú rẹ̀, á sọ ojú ihò tí MAC náà wà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, máa tọ wáyà lẹ́sẹẹsẹ. Wo abẹ́ tábìlì, wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni kan tí mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní kí a fi 192.168.1.10 ṣe DNS àkọ́kọ́, kí a fi 8.8.8.8 ti Google ṣe ìkejì lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, pé bí server bá kú, íntánẹ́ẹ̀tì ò ní kú. Ó ní ọ́fíìsì tí òun ti ṣe é ti lé ní mẹ́wàá.

Mo mọ ohun tó ń wá. Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ni pé Windows kì í wo DNS kejì bí ẹni tó máa fi kún ohun tí àkọ́kọ́ mọ̀. Ó gbà pé ohun kan náà làwọn méjèèjì mọ̀. Ní àárọ̀ kan tí server bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, kọ̀ǹpútà á yí sí 8.8.8.8, á béèrè srv1.ofiisi.lan, wọ́n á ní kò sí. "Kò sí" yẹn, èsì ni lójú Windows. Kò ní padà lọ bi ẹni àkọ́kọ́. Á tiẹ̀ tọ́jú èsì náà sórí fún ìgbà díẹ̀, tí server bá ti ń dáhùn dáadáa, òun á ṣì máa sọ pé kò sí. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, èyí tó máa ń sá lọ gbàrà tí wọ́n bá ti pe ẹni tó máa tún un ṣe. Mo ti fi odindi ọ̀sẹ̀ méjì lé irú rẹ̀ kiri rí.

Inú kọ̀ǹpútà inú domain, DNS domain nìkan ni kó wà. 8.8.8.8 ní àyè tirẹ̀: orí server, níbi forwarders nínú DNS Manager. Server á dáhùn orúkọ tó bá mọ̀, èyí tí kò bá mọ̀ á lọ bi Google, tàbí 1.1.1.1, tàbí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ̀rù tó ń bà á pé server lè kú, òótọ́ ni, mo sì gbà fún un níbẹ̀. Domain controller kejì ni ìdáhùn rẹ̀, kódà kó jẹ́ orí kọ̀ǹpútà kékeré kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní domain, kí ó fi 8.8.8.8 sí ibi tó bá wù ú, mi ò ní bá a jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a máa fi \\192.168.1.10 ṣí i: ó máa ṣí. Àyẹ̀wò tó dára gan-an ni, ẹ má sọ ọ́ di àtúnṣe. Bí nọ́ńbà bá ṣí tí orúkọ ò ṣí, DNS ni kí ẹ fura sí, àbí Kerberos. Kerberos ni ẹ̀rí ẹni tí a jẹ́ nínú domain, orúkọ ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba ọ̀nà nọ́ńbà, Windows máa ń fi NTLM àtijọ́ gbé e wọlé, Microsoft sì ti kéde ní oṣù kẹfà 2024 pé àwọn ń pa NTLM tì. Ọjọ́ tí nọ́ńbà server bá wá yí padà, gbogbo ọ̀nà àbùjá tó wà lórí desktop á kú lọ́jọ́ kan náà.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá aago lè ba irú nǹkan yìí jẹ́. Kò sí nínú ti àbúrò wa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ, torí níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, wàhálà yìí ò jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jẹnẹrétọ̀ ti kú lóru, UPS ti gbẹ, server kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n tún un tàn, ó jí. Láptọ́ọ̀pù ọ̀gá ò wọ fódà, ó ń sọ pé aago òun àti ti server ò bára mu, àmọ́ wọ́n ti tẹ OK kọjá rẹ̀ láìkà á. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn wọ fódà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ojú-òpó báǹkì ò ṣí lórí wọn, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ààbò rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti pe iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó dé. Mo wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún lójú server. Ọdún 2016 ló wà níbẹ̀. Mo tẹ w32tm /query /source, ó dá mi lóhùn pé Local CMOS Clock, ìyẹn aago inú ara rẹ̀ lásán.

Mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bátìrì CR2032 pẹlẹbẹ kan, tí kò ju owó ẹyọ lọ, ló ń bá server ka aago nígbà tí kò bá sí iná. Fóltì 3 ló yẹ kó gbé. Ojú mítà mi ò kọjá 1 àti díẹ̀. Bátìrì náà ti kú tipẹ́, UPS ló ń bò ó láṣìírí, òru ọjọ́ kan ṣoṣo tí UPS gbẹ ló tú u.

Bí a kò bá yí i padà, Kerberos kì í gba kí aago kọ̀ǹpútà àti ti server fi ju ìṣẹ́jú 5 jìnnà síra. Láptọ́ọ̀pù ọ̀gá ṣì mú ọjọ́ òní dání, ìyẹn ni wọ́n fi lé e. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí gba ti server gbọ́, wọ́n bá a padà sí 2016, báǹkì ò sì mọ̀ wọ́n níbẹ̀. A ò sì lè jókòó máa retí kí íntánẹ́ẹ̀tì tún aago náà ṣe, torí domain controller kì í fúnra rẹ̀ gba àtúnṣe aago tó bá ju wákàtí 48 lọ. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo kọ̀ǹpútà ná. Mo pa server, mo fi bátìrì tuntun sí i, mo tàn án, mo fi ọwọ́ tún ọjọ́ àti aago ṣe, mo wá tọ́ka rẹ̀ sí pool.ntp.org, ibi tí a ti ń gba aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó tan àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè báyìí tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé "láti ìgbà tí iná ti lọ".

* * *

Ní kíá, fún ẹni tó ní skánà òun ò fi ìwé ránṣẹ́ sínú fódà mọ́ láti ìgbà tí òun ti ra kọ̀ǹpútà tuntun: wo bóyá SMB1, ẹ̀dà àtijọ́ nínú èdè tí Windows fi ń pín fódà, ni skánà náà ń sọ. Láti Windows 10 ẹ̀dà 1709 ni Windows kì í ti fi í sí i fúnra rẹ̀ mọ́. Má dá SMB1 padà nítorí skánà. Wò ó bóyá àwọn tó ṣe é ní firmware tuntun tó mọ SMB2, bí kò bá sí, kó máa fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ímeèlì. Ẹni tó sì jẹ́ pé àpótí ìpamọ́ fáìlì rẹ̀ ló kọ̀ lẹ́yìn tó gba Windows 11 Pro 24H2, ìbuwọ́lù SMB ni ẹ̀dà yẹn ń béèrè dandan, kò sì jẹ́ kí àlejò tí kò ní páswọ́ọ̀dù wọlé mọ́. Ṣe orúkọ aṣàmúlò àti páswọ́ọ̀dù gidi sórí àpótí náà, kí o tan signing lórí rẹ̀.

* * *

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i! Ráútà 4G kan ló wà lábẹ́ tábìlì níbi ìgbàlejò. Íntánẹ́ẹ̀tì wa dákú lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ switch kí iṣẹ́ má bàa dúró, kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́. Láti ọjọ́ Ajé ni kọ̀ǹpútà márùn-ún yìí ti ń jẹ dátà ọ̀gá. Mo ti yọ ọ́. Mo ṣe ipconfig /release, /renew, /flushdns lórí márààrún. Mẹ́rin ti wọlé. Ìkarùn-ún kọ̀. Ipconfig rẹ̀ ti bá ti àwọn yòókù mu, DNS rẹ̀ 192.168.1.10. nslookup srv1.ofiisi.lan fún mi ní 192.168.1.10. Ping orúkọ ń dáhùn bó ṣe ń dáhùn látìbẹ̀rẹ̀. 0x80070035 náà ló ṣì ń kọ."

Nọ́ńbà wo ló wà lójú ìlà ping yẹn?

"192.168.1.25."

Kí ló ń jẹ́ 192.168.1.25 ní ọ́fíìsì yín?

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó... Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkáǹtì ni."

Ó tán. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń dá ọ lóhùn "àgò yà", o rò pé server ni. nslookup ń lọ bi DNS tààrà. Ping àti fódà ń kọ́kọ́ wo fáìlì hosts, ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí àwọn méjèèjì bá fún ọ ní nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, hosts ni kí o lọ ṣí. Fi Run as administrator ṣí Notepad, kí o lọ sí C:\Windows\System32\drivers\etc\hosts.

"Ó wà níbẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn: 192.168.1.25 srv1.ofiisi.lan. Ẹni tó kọ́kọ́ wá bá wa wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ló kọ ọ́. Ó ní ara bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ server lòun ti rí nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà tí server ń jẹ́ kí wọ́n tó yí i padà lọ́dún tó kọjá ni. Mo ti pa ìlà náà rẹ́, mo sì ti ṣe flushdns. Ẹ̀gbọ́n, ó ti ṣí! Akáǹtáǹtì ti jókòó síbẹ̀."

Ẹ ṣeun fún Ọlọ́run. Ráútà 4G yẹn, wọ inú rẹ̀ kí o pa DHCP rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún so ó mọ́ switch. Bí ráútà ńlá yín bá ní ojú WAN (ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé) kejì, ibẹ̀ ni kí o so ó mọ́, á máa gba iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dákú, kò sì ní pín àdírẹ́sì fún ẹnikẹ́ni. Kí o tó kúrò níbẹ̀ lónìí, ya bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ server yẹn dànù, kí o kọ 192.168.1.10 sórí òmíràn, kí o kọ ọjọ́ òní sí i.